Ẹbí Kan Tó Wà Nílé

"Kò gba pásítọ̀, Mà. Ẹbí ló ń béèrè." Lékan, tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà, yí ojú ẹ̀rọ sí Ìyá Bùsọ́lá kí ó lè fúnra rẹ̀ wò ó.

Ó tún gbé fóònù rẹ̀ súnmọ́ ojú. Florence, tí wọ́n jọ ń kọ álítò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ti lọ sinmi nígbà ìkórè tó kọjá. Adédèjì, àbúrò kan ṣoṣo tí Ìyá Bùsọ́lá ní, ti ṣáájú Florence lọ. Kò lè pa orúkọ wọn rẹ́ nínú fóònù. Ó ń yí wọn lọ sókè sódò bí ẹni ń wá orin nínú ìwé orin tí ojú ewé rẹ̀ ti já.

Òfin tuntun ni. Ìlú òkèèrè tí Bùsọ́lá ń gbé kò jẹ́ kí àlejò wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ àfi bó bá ti gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ìwé tí wọ́n béèrè ló ti pé, àti àwòrán rẹ̀ láìwé gèlè. Ó ku ẹyọ kan: ẹbí kan tó wà nílé, tí wọn yóò fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, tí yóò sì kà á padà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni àṣẹ náà ń gbà kí ó tó jáde. Ọjọ́ kọkànlá ni ọkọ̀ yóò gbéra. Oṣù ìkúnlẹ̀ Bùsọ́lá sì ti wọlé. Bí fọ́ọ̀mù yìí kò bá lọ lónìí, ọmọ rẹ̀ yóò bímọ láàárín àwọn tí kò mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun.

"Ẹbí ọkọ ńkọ́, Mà?"

Ẹnìkan wà.

Fúnmilọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní Ìgbàrà-Odò. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Fúnmilọ́lá ní àgbàlá bàbá àwọn ni kí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n òun sí. Ìyá Bùsọ́lá ní rárá, itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́rẹ́ ni, kí òun lè máa rí i. "O gbà á lọ́wọ́ wa láàyè, o tún ń gbà á lókùú," ni Fúnmilọ́lá wí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá Bùsọ́lá pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo tó pa rẹ́, ti alààyè ni.

"Dúró dè mí," ó wí fún Lékan. "Mò ń bọ̀ wá pè ọ́."

Nínú takisí tó ń lọ sí Ìgbàrà-Odò, ó ń wo Olósùnta títí òkúta náà fi bọ́ sẹ́yìn. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò kọjá "Bàbá wa". Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi pé ẹni tó bá ní ìjà kí ó fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ parí rẹ̀. Kò sọ fún wọn rí pé ọ̀nà ibẹ̀ ní kòtò tó báyìí. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ náà gan-an ló wá di ọ̀rọ̀ àná náà.

Fúnmilọ́lá ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sí àgbàlá. Ìyá Bùsọ́lá kúnlẹ̀. Ọdún méjì ló fi ju obìnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ló bá a.

"Eyínfúnjowó, ẹ kú iṣẹ́."

Ẹsẹ̀ kò dúró. "Ìyàwó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ó yà mí lẹ́nu. Òkú nìkan ló ń mú ọ rántí ọ̀nà ulé yìí."

Lórí eékún ni Ìyá Bùsọ́lá ti rojọ́ náà títí ó fi tán.

"Kí ni wọ́n máa bi mí?"

"Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ọ́ dáadáa." Fúnmilọ́lá tú kókó ìró rẹ̀, ó yọ fóònù jáde.

Wọ́n pe Lékan. Ó gba nọ́ńbà fóònù náà, ó ní, "Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín, Mà?"

"Ọkọ rẹ̀ ni mí," Fúnmilọ́lá dáhùn.

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. "Kò gbà á. Ó ní opó lẹ ti kọ síbẹ̀ lókè, pé opó kì í ní ọkọ."

"Sọ fún un pé irọ́ ló ń pa!"

Ìyá Bùsọ́lá gbé ẹnu súnmọ́ fóònù. "Lékan, kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Ìyá, bàbá, ọkọ, aya, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹlòmíràn."

"Ta ni ẹlòmíràn? Èmi tí mo bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wọlé yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó. Kó kàn lè lọ ni."

"Kó kọ ọ́. Ẹ̀rọ kò ní ìyá, kí ló mọ̀?"

Nọ́ńbà mẹ́fà náà dé. Fúnmilọ́lá na fóònù jìnnà sójú, ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ketekete, bí ẹni ń ka Bíbélì fún ìjọ.

"Ó ti lọ, Mà!" ni Lékan kígbe.

Ìyá Bùsọ́lá dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó sì yíjú sí ọ̀nà. Fúnmilọ́lá ti padà sídìí kòkó.

"Ọjọ́ wo lo máa padà?"

Kò gbé ojú sókè bó ti bi í.

Bùsọ́lá ń bi í lójoojúmọ́ pé ọjọ́ wo ni yóò dé. Pásítọ̀ gbàdúrà àlọ, ìjọ ṣe àmín; kò sẹ́ni tó béèrè àbọ̀. Bùsọ́lá ló bá a kọ ọjọ́ ìpadà sórí tíkẹ́ẹ̀tì, òun kò sì wò ó. Aṣọ tó wà nínú àpótí rẹ̀ nílé, gbogbo èyí tó ní ni.

"Mi ò tíì mọ̀," ó wí. Ó jókòó sí etí ẹní kòkó, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì náà. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wò ó."