Ọrùn Arlette

Ẹ má bá Arlette wí, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ìyàwó ọmọ mi ni, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń ru epo láti Ahoyéyé lọ sọ́jà Pobè. Lójijì lòòyì kọ́ ọ lẹ́bàá àdògán tá a fi ń se epo. "Ìyá, ilé ń yí!" Ó ṣubú, ó ń bì, ẹyinjú rẹ̀ ń sáré lọ sápá kan. Mo ké, "Yéè, mo gbé!"

Nílé ìwòsàn, dókítà wa, Anicet, wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ wọ́, ó ní kó na apá méjèèjì, kó rìn díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. Ó ní, "Iṣẹ́ ayé kọ́. Iṣan inú etí tó ń mú èèyàn dúró ló wú. Oògùn yìí, ọjọ́ mẹ́ta péré. Lẹ́yìn náà kó dìde, kó máa rìn, kó máa yí orí. Òòyì á kọ́ ọ, kó má jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ lọpọlọ ṣe ń tún ìdúró kọ́."

Ta ló gbọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tì í mọ́ ẹní, tí mo ń fún un lóògùn lọ ràì. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó gbé abọ́ omi rù, ó ń lọ gbọnrangandan. Mo pariwo ayọ̀. Ẹlẹ́rù kì í kúkú yí ọrùn. Bí wọ́n bá kí wa lọ́nà, iwájú la ó máa wò tí a ó fi dáhùn. Àfi ìgbà tó dé títì tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Onigbolo ń gbà. Ó yíjú wọ̀tún, òòyì gbé e, èmi ni mo fà á láṣọ kúrò lójú títì.

Mo jágbe, "O ò ní ru epo mọ́ láéláé!"

Ó bú sẹ́kún. "Ìyá, kí ni màá wá máa ṣe?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó rántí ọ̀rọ̀ dókítà, ó ní, "Ẹ dúró sọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ kí mi. Ẹ bọ́ sósì, kẹ́ ẹ tún kí mi." Mo kí i. Ó yíjú, ó di ògiri mú, ó bì, ó nu ẹnu. "Ẹ tún kí mi." Odindi oṣù kan! Èmi tí ìjà kì í rẹ̀ lẹ́nu, kíkí rẹ̀ mí. Kò rẹ Arlette. Akọni lọmọ yìí, mo tẹríba fún un.

Lánàá, àwa méjèèjì ru epo dé títì yẹn. Mo ti gbésẹ̀ nígbà tó na apá dí mi láyà.

"Ìyá, ẹ dúró. Ọkọ̀ ń bọ̀."

Òótọ́ ni. Ọkọ̀ náà kọjá fìì. Èmi ò tiẹ̀ yí ọrùn tèmi.