Sìpíkà Tòkunbọ̀ Bàbá Umar

Gbogbo àdúgbò wọn ní Fate ló mọ̀ pé Bàbá Umar kì í ra nǹkan tuntun. Bàtà tó wọ̀ lọ síbi yìgì tiẹ̀ gan-an, òun náà ló ṣì fi ń lọ kírun Jímọ̀. Nítorí náà, nígbà tó ti Táíwò Road dé pẹ̀lú sìpíkà tòkunbọ̀ méjì tí wọ́n fi ọ̀rá wé, àti ampilifáyà kékeré kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ dìde nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Umar. Ta ló kú tí wọ́n pín ogún ẹ̀?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Owó tí mo fi rà wọ́n kò lè ra òbúkọ. Ṣùgbọ́n tó o bá gbọ́ ohùn wọn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá ké Alihamudulilai."

Ọkàn Sẹ̀kínátù kò sí níbi sìpíkà rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Lami, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti ránṣẹ́ sí i pé Hidayat, ọmọ-ọmọ òun, ti parí Kùránì, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wólímọ̀ rẹ̀. Ó ní òun bẹ Sẹ̀kínátù ní orúkọ Ọlọ́run, kó wá dá wákà fún àwọn bíi ti àtijọ́. Sẹ̀kínátù kò fèsì. Kò sì ní in lọ́kàn láti lọ.

Agboolé kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní Pakata. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ wákà tí kò sí ayẹyẹ tí wọn kì í pè é sí. Sẹ̀kínátù ló ń dá orin, nítorí ohùn rẹ̀ ga, ó sì mọ́ gaara. Lami ni olórí elégbè, ohùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òfin kan sì wà nínú ẹgbẹ́ wọn: bí ohùn bá já mọ́ ẹni tó ń dá orin lẹ́nu, olórí elégbè ni yóò gba orin náà, tí yóò máa gbé e lọ títí ara ẹni yẹn yóò fi balẹ̀. Orin kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Mahmud, ẹ̀gbọ́n Sẹ̀kínátù, níwájú gbogbo ẹbí, ikọ́ mú Sẹ̀kínátù bó ṣe ń dá orin lọ́wọ́, ohùn sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Nǹkan tí Sẹ̀kínátù gbọ́ lọ́jọ́ náà kò ju ikọ́ ara rẹ̀ àti ẹ̀rín wọn. Wọ́n gba orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì gbọ́ ọ nínú rédíò kékeré ilé wọn títí tó fi sú u: ohùn rẹ̀ á já, irin sèlí tí àwọn elégbè ń lù pọ̀ mọ́ orin á máa dún wooro-wooro, kò ní sí orin kankan, àfi ìgbà tí ohùn tirẹ̀ bá padà. Ìyẹn ni pé Lami fi òun sílẹ̀ sínú ìtìjú. Kò bá a jà. Ó kàn fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di pé ọdún Iléyá àti ilé òkú nìkan ló ń pa wọ́n pọ̀. Lami kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

"Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré," ni Bàbá Umar máa ń wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sìpíkà. Nílé Sẹ̀kínátù, a kì í bó ọ̀rá lára nǹkan tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọ̀rá ṣì wà lára àga pálọ̀ tí wọ́n rà nígbà tí Umar ọmọ wọn ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó ní kí ọkọ òun gbé sìpíkà náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abọ́ tánganran òun, ó sì fi aṣọ léèsì bò wọ́n lórí ọ̀rá kí eruku má bàa bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n tan án, ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó ń wàásù látinú ìkòkò. Sẹ̀kínátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Umar kò rí oúnjẹ alẹ́ jẹ dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ló rántí ohun tí ẹni tó tà á fún un wí: ẹ má bò wọ́n, ẹ má fi wọ́n ti ògiri, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá etí yín dọ́gba. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ya ọ̀rá náà dànù. Ó gbé sìpíkà kọ̀ọ̀kan lé orí àpótí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń jókòó fọṣọ. Orin tó sì yàn láti fi dán an wò ni kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó Mahmud, tí Umar ti bá a gbé sínú fóònù.

"Ẹ pa á!" ni Sẹ̀kínátù kígbe láti ilé ìdáná. "Ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ohùn tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ ẹ ni. Jẹ́ n gbọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan."

Sẹ̀kínátù jáde láti wá pa á fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àfi bí ẹni pé àwọn obìnrin náà ló jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kí wọ́n tó gbe orin. Ó gbọ́ ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn, àti ìyá ọmọ tó ń rẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà èwe, ó sì dùn ju bó ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé, ohùn sì já.

Lábẹ́ irin sèlí, ohùn kan ń lọ.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni, kò yára, kò gbọ̀n. Ó gba orin náà níbi tó ti já gan-an, ó gbé e kọjá ẹ̀rín àwọn èèyàn, ó gbé e kọjá ikọ́. Nígbà tí ohùn Sẹ̀kínátù sì padà, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ti Sẹ̀kínátù lè ráyè wọlé.

"Ẹ dá a padà," ni Sẹ̀kínátù wí. Ọkọ rẹ̀ dá a padà. "Ẹ tún dá a padà." Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Lami ni. Subuhanallahi, Lami ni! Ó ń gbé mi lọ!"

"Rédíò kékeré yẹn kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀," ni Bàbá Umar rọra wí.

Ojú ti Sẹ̀kínátù débi pé kò lè wo ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bí ojú ṣe tì í lọ, nítorí pé ohun tó rò pé òun kò ní rárá ti wà lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ yìí. Ó pe Lami, ó sì gbé fóònù sí iwájú sìpíkà.

"Ariwo irin nìkan ni mò ń gbọ́ o," ni Lami wí.

"Wá sílé. Wá nísinsìnyí, jọ̀ọ́."

Kẹ̀kẹ́ ni Lami wọ̀ dé, pẹ̀lú ẹ̀rù. "Ta ló ṣàìsàn?" Sẹ̀kínátù fà á lọ́wọ́ wọlé. Ó fi í jókòó sórí àga Bàbá Umar, láàárín sìpíkà méjèèjì, wọ́n sì tan orin náà. Lami gbọ́ ara rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"O ò sọ fún mi," ni Sẹ̀kínátù wí nígbà tó parí.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo rò pé o gbọ́. Ṣé ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn lòun wà ni?"

"Mi ò mọ̀, Lami. Wallahi, mi ò mọ̀. Mo ti bínú sí ẹ láìnídìí." Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "O ṣé. O ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i fún ẹ."

Lami sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń rò ó pé bóyá torí òun kò mú ẹran Iléyá wá lọ́dún kan ni Sẹ̀kínátù ṣe fà sẹ́yìn.

"Èmi ni màá dá orin Hidayat ní Sátidé," ni Sẹ̀kínátù wí. "Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà. Tí ohùn bá tún já ńkọ́?"

"Tó bá já, mo wà ńbẹ̀."

Bàbá Umar dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.