Ọjọ́ Tí Sipke Dákẹ́

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Sipke, ọmọ ajá náà, ti lò nílé Hiltje, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu kọfí tán nínú ife. Bí Hiltje bá jókòó, yóò gbó. Bí ó bá dìde, yóò gbó pé kí ló dé tí ó dìde. Bí ó bá gbé tẹlifóònù, tàbí tí ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ láti bi í bóyá ó ti lo oògùn, ariwo á sọ bí ẹni ń fi òòlù kan páànù. Ebi kò pa á, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́, kò sì fẹ́ jáde. Kí wọ́n ṣáà máa wo òun ni. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Sipke ní tirẹ̀ gbọ́ fèrè, ó gbọ́ ìlẹ̀kùn fìríìjì, ó gbọ́ ìró ọ̀bẹ lórí wàràkàṣì láti òkè ilé. “Dákẹ́” nìkan ni kò gbọ́ rí.

Folkert ọkọ rẹ̀ ló lọ mú un wá, ìyẹn gan-an ló ń ká Hiltje lára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la àyà ọkùnrin náà nílé ìwòsàn ìlú Leeuwarden ni. Dókítà ní kí ó máa sinmi, kí ó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ó délé, kò rìn, kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Nígbà tó di oṣù kejì, ó wọ bàtà lọ sí oko Wobbe àgbẹ̀, ó sì gbé ohun kékeré dúdú-funfun kan bọ̀ lábẹ́ kóòtù. Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. “Ó ń wò mí” ni gbogbo àlàyé tí ó ṣe.

Láti ìgbà náà, Folkert ń rìn, a kì í purọ́ mọ́ ajá. Àwọn méjèèjì a máa dé etí odò láràárọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrìn ó yẹ kí ó sùn, Sipke kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀rù sì ń ba Hiltje. Lọ́jọ́ Ajé ó pe Wobbe, wọ́n sì jọ fohùn ṣọ̀kan pé bí ajá náà kò bá tíì jáwọ́ nínú ariwo títí di Sátidé, kí Wobbe wá mú un padà. Folkert gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń fi ìka ra etí ajá náà.

Nọ́ọ̀sì dókítà ẹran, ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ló fún Hiltje nímọ̀ràn.

“Ìyá, ẹ má wò ó.”

“Kí n má wò ó báwo?”

“Ẹ má wò ó, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kẹ̀yìn sí i. Bẹ́ ẹ bá ń bá a wí, lójú tiẹ̀, ẹ̀ ń bá a ṣeré ni. Tó bá ti dákẹ́, ẹ ka oókan dé àrún, kẹ́ ẹ wá fún un ní wàràkàṣì bíńtín. Àmọ́ ó máa kọ́kọ́ burú sí i o.”

“Ó tún lè burú ju báyìí lọ?”

“Ẹ ó rí i.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Hiltje kẹ̀yìn sí ajá títí ọrùn fi ro ó. Pàbó ni. Fèrèsé ńlá ilé náà kọjú sí títì bíi ti gbogbo ilé abúlé náà. Sipke á fò sórí àga, á gbó sí ẹni tí ń kọjá, ẹni tí ń kọjá á sì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Aukje, aládùúgbò ọwọ́ ọ̀tún, á máa juwọ́: “Sipke, ọmọ dáadáa! Ta ló bí ọ?” Ẹni tí ń pín lẹ́tà á kan gíláàsì. Meindert tí kì í kí ènìyàn, tí bí ẹ bá pàdé rẹ̀ yóò máa wo bàtà rẹ̀, ṣí fìlà fún ajá! Hiltje ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, gbogbo àdúgbò ń fi ọwọ́ méjèèjì wó o.

“Aukje, jọ̀ọ́, má kí i mọ́,” ni ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá ọgbà.

“Òun ló kọ́kọ́ kí mi. Ṣé kí n má dáhùn ni?”

“Má dáhùn!”

“Háà, ìwọ Hiltje. Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé wa o.”

Nígbà tó di Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá, kọfí ti wà nílẹ̀, Folkert ti ti odò dé, ó ti gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Sipke bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ juwọ́ sí i. Ẹnì kejì fẹnu ko gíláàsì. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́: Hiltje dìde fùú, ó di kọ́tìnnì mú lọ́tùn-ún lósì, ó sì fà á pa dé. Yàrá ṣókùnkùn. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ajá.

Nọ́ọ̀sì kò parọ́. Sipke gbó, ó hu, ó fa síkẹ́ẹ̀tì Hiltje, ó gun àga, ó já bọ́, ó tún gùn ún. Folkert di ojú rẹ̀ pinpin, Hiltje ń payín keke. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ohùn náà tó dínkù, tí ó di ìkùnsínú, tí ó sì dá. Oókan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Hiltje ju wàràkàṣì sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ajá jẹ ẹ́, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Folkert, ó sùn, ọ̀gá rẹ̀ náà sì sùn lọ. Hiltje mu kọfí rẹ̀ tán nínú ife, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Kò pẹ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń lù ú fún òkú. Hiltje ń ronú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ládùúgbò nígbà tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Aukje ló wọlé nínú aṣọ dúdú, búrẹ́dì oníṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé lójú. Meindert tẹ̀ lé e, ó ká fìlà mọ́ àyà. Obìnrin mẹ́ta tún wà lẹ́yìn wọn.

“Hiltje mi, má sọ nǹkan kan. Mo ti lọ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti pe àwọn oníṣẹ́ pósí. Èmi ni aládùúgbò ọwọ́ ọ̀tún rẹ, èmi ni àṣà gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ìwọ jókòó jẹ́ẹ́.”

“Iṣẹ́ kí ni?”

“Mo rí kọ́tìnnì. Mo ní rárá, kí n mú sùúrù ná. Ni ajá bá dákẹ́. Hiltje, ajá yẹn dákẹ́! Mo bá mọ̀ pé ó ti parí.”

Orí Hiltje wú. Kọ́tìnnì! Ilé tí òkú bá wà nìkan ní í fa kọ́tìnnì lójú ọ̀sán lábúlé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á fún ìyá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá yìí kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n, ìbínú ajá sì mú kí òun gbàgbé.

Folkert la ojú. “Ta ló kú?”

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Aukje. Meindert dé fìlà rẹ̀, ó tún ṣí i.

“Ìwọ,” ni Aukje wí.

“Nígbà wo?”

“Láago mẹ́wàá.”

Bí Sipke ṣe jí nìyẹn, tí ó rí èrò rẹpẹtẹ, tí ó sì bú sí gbígbó.

“Ẹ má wò ó!” Hiltje figbe ta. “Ẹ kẹ̀yìn sí i! Gbogbo yín!”

Àwọn aṣọ̀fọ̀ bá kọjú sí ògiri tààrà, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

“Kí ẹnì kan lọ dá agogo yẹn dúró,” ni Folkert wí. “Kò jẹ́ kí n sùn.”

Ni ẹ̀rín bá gba gbogbo yàrá. Meindert ló sáré lọ. Àwọn yòókù mu kọfí, wọ́n jẹ bisikíìtì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó wo ajá, títí tí ọ̀rọ̀ fi sú Sipke tí ó padà sùn. Aukje kò yéé ráhùn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹkún tí mo sun! Lásán! Ẹ̀yin méjèèjì ò láàánú.”

Wọ́n lọ tán, ilé pa lọ́lọ́. Folkert ti tún sùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Hiltje ti fi ń bẹ̀bẹ̀ fún irú ìdákẹ́jẹ́ yìí. Irú rẹ̀ náà ni Aukje gbọ́ láti títì tó fi rò pé Folkert ti kú. Hiltje tẹ́tí sí èémí ọkọ rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde, ó fi etí sún mọ́ ẹnu ọkọ rẹ̀. Èémí wà, ó gbóná. Hiltje kúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹkún tí kò rí sun ní Leeuwarden sì dé.

Sipke la ojú kan, ó wò ó, ó gbó lẹ́ẹ̀kan. Folkert yí ọrùn padà lójú oorun, ó ń hanrun.

Hiltje nu ojú, ó gbé tẹlifóònù.

“Wobbe, ẹ má wulẹ̀ wá ní Sátidé mọ́.”

“Ọpẹ́ ni! Ó ti wá dákẹ́ nìyẹn?”

“Ó dákẹ́ lónìí,” ni Hiltje wí. “Mi ò fẹ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nílé yìí.”