Owó Tí Nandar Fi Ránṣẹ́

Kí n tó fẹ́ Ko Yarzar ni àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọjọ́ ìbí wa ò bára mu. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n bí mi, ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n bí i, ìràwọ̀ kan ló ni àárọ̀, òmíràn ló ni ọ̀sán, àwọn méjèèjì kì í sì í rẹ́. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bí ní Àbámẹ́ta ló yẹ ẹ́.

Àbámẹ́ta ni wọ́n bí Nandar.

Etí ẹnubodè ni Nandar ń gbé. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de gbogbo ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí wọn ò lè tojú bọ̀, owó orí ẹ̀rọ ni òun àti ọkọ mi fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi owó tí ò tó ra ife tíì kan ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀rọ̀ á sì wà nínú àwọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn iye rẹ̀. Ọkọ mi ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó ní ohun tí mi ò bá mọ̀, ẹnikẹ́ni ò lè fipá gbà á lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ti Nandar bá ti wọlé, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Àbúrò rẹ̀, Yan, tí àwọn sójà ń wá, ti wà ní òkè àjà wa fún oṣù kan.

"Ìyàwó wa, ẹ rọra gún ata yẹn, kò ṣẹ̀ yín."

"Yan, jẹun ẹ."

"Kì í kúkú ṣe ata ni ẹ ń gún."

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi wà nínú balùwẹ̀ nígbà tí owó Nandar wọlé. Mo nu ìkéde rẹ̀ kúrò lójú fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń yẹ fóònù wò bí ẹni tí ń retí olólùfẹ́, inú mi sì ń dùn pé kò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ owó orí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé lè kà, tí kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́.

"Wutyi, ta ló nu ti Ọjọ́ Ajé kúrò?"

"Èmi ni. Ó sú mi, bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i."

"Ọkọ̀ ojú omi keje, ọ̀sán Ọjọ́rú. Àná nìyẹn. Yan ló yẹ kó wọ̀ ọ́."

Yan gbọ́ láti òkè. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni o máa bẹ Nandar." Ó kọ́ mi ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọrọ ọkọ̀ mìíràn, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tó fi dáhùn: ọkọ̀ kẹta, ọjọ́ Àìkú. Yan bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀. Mo dúpẹ́, tọkàntọkàn ni.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó dé. Nandar rò pé ọkọ mi ló ránṣẹ́ sí òun, ìdí nìyẹn tó fi yára bẹ́ẹ̀.