Ẹni Tí Kò Dáhùn Ìkíni ní Edinburgh

Ìyá Àlàbá kò bá àwọn ará ìjọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Edinburgh láti ṣe olórí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń nù ní ọsibítù Crumpsall, ìwé mẹ́fà péré ló kà nílé, bí òyìnbó bá sì yára sọ̀rọ̀ sí i, àyà rẹ̀ á já. Ṣùgbọ́n ìdánwò Theophilus, akọ̀wé ìjọ tó yẹ kó kó wọn lọ, ku ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ Sátidé kan ní 1988, ó na ìwé orúkọ sí i lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní Manchester.

"Ẹ sáà máa ka orí wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, Mà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n."

"Kí n ka orí ta ni? Ṣé ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ máa nàka sí?"

"Ẹ̀yin àti èèwọ̀ yín!" Theophilus rẹ́rìn-ín, ó padà lọ kàwé ìdánwò rẹ̀.

Dókítà Bánjọ Akínlóyè ló kẹ́yìn dé, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé ni, kò gbọ́ òyìnbó rárá.

"Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè lọ. Ọwọ́ yín ni mo fi ìyá mi sí o, Mà."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìyá Àlàbá lára bí òtútù.

Ní Edinburgh, obìnrin ará Scotland kan tó ń fi ìlú han àlejò na agbòòrùn pupa sókè, ó sì fi wákàtí méjì mú wọn gun òkè lọ sí ààfin àwọn ọba àtijọ́, tó jókòó lórí àpáta. Màmá Akínlóyè wò ó sókè wò ó sódò.

"Àpáta yìí náà ni wọ́n ń fi yangàn? Kí wọ́n wá wo Olúmọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àlàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára gèlè Màmá.

Aago mẹ́rin, òjò dé. Kálukú sá wọ bọ́ọ̀sì. James, dírẹ́bà wọn, nàka ka orí wọn, ó ní wọ́n pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ṣíná sí ọkọ̀. Ìyá Àlàbá kò jókòó. Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

"Bàbá Fúnmi, ẹ kú ìrìn o."

"Òo, ẹ kú ìrìn."

"Àǹtí Kíkẹ́lọmọ, ẹ kú ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ dà? Ó ti kù sórí àpáta!"

"Màmá Akínlóyè, ẹ kú ìrìn, Mà."

Kẹ́kẹ́ pa.

Ó kí i lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan tó fi fìlà bojú ń sùn lẹ́yìn pátápátá. Ó jí i.

"Ta ni ọ́?"

"Mọ́rúfù ni, Mà. Ṣé a ti dé Leeds ni?"

"Leeds wo?" Kíkẹ́lọmọ pariwo. "Manchester là ń lọ!"

Ìyá Àlàbá yọjú lójú fèrèsé. Ó rí bọ́ọ̀sì mìíràn, aláwọ̀ búlúù bíi tiwọn, àwọn ọmọ Yorùbá ló kún inú rẹ̀, ó sì ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. James ní kó jókòó, iye ti pé.

"No," ni Ìyá Àlàbá wí. "Open."

James wo ojú rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin náà bọ́ sínú òjò, ó na apá méjèèjì níwájú bọ́ọ̀sì Leeds. Búréèkì han gooro. Ó wọlé, ó sọ fún wọn pé Mọ́rúfù wọn wà nínú ọkọ̀ àwọn.

Ìjókòó iwájú ni Màmá wà, ó gbé mọ́ínmọ́ín lé itan, ó ń ròyìn Olúmọ fún wọn.

"Ìwọ náà ti dé? Jókòó. Àwọn wọ̀nyí mọ èèyàn tọ́jú jù yín lọ."

"Ẹ fi Màmá sílẹ̀ fún wa," ni Ọládòṣù, àgbà kan nínú àwọn ará Leeds, wí. "Ẹ máa mú Mọ́rúfù lọ. Ó ń hanrun jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá tún bu mọ́ínmọ́ín sẹ́nu. "Jẹ́ kí n jẹun tán ná."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìyá Àlàbá, kò tíì pàṣẹ fún àgbà rí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù bọ́ọ̀sì náà, bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ dìde, Mà. Bánjọ ń retí yín lálẹ́ òní. Ẹ dìde."

Màmá wò ó títí. Ó gbé mọ́ínmọ́ín fún Ọládòṣù, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó dáa," ó ní. "Bá mi gbé báàgì."