Àkànó Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe Olè

Kó tó di pé ìdílé kan gba ìyàwó wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n á rán ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ sí àdúgbò ọmọbìnrin náà, á máa bi èèyàn lábẹ́lẹ̀: ṣé kò sí olè ní ilé yẹn? Ṣé kò sí wèrè? Wárápá ńkọ́? Tàófíìkì mọ̀ pé ọjọ́ yẹn á dé ilé òun nítorí Tinú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ náà sì ti ń bà á láti ọdún gbọọrọ.

Kì í ṣe pé ó fi nǹkan pamọ́. Ó kàn jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà ni. Etí títì Kirikiri ló máa ń jókòó sí, tí á máa rán tapólì, aṣọ líle tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù. Bí ọlọ́pàá bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Tàófíìkì á ti dìde, á ti máa kí i kó tó dé. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ wò. Ìwé mẹ́fà ló kà. Èyí tó kù láyé, wíwò ló ń wò ó, kò dá a lójú.

Tinú ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọkùnrin ti wá, ọkùnrin ti lọ. Èyí tó wá báyìí, Lúkmọ́nù, ọmọ Àlàájì Súnmọ́nù ni, Àlàájì tó ń fi tírélà kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Lúkmọ́nù fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Suwaibat, ìyá Tinú, ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lójú méjèèjì pé, "Bàbá Tinú, bí èyí bá tún bọ́, mi ò mọ ibi tá a máa gbé ojú sí o."

Àǹtí Ràlíátù, ẹ̀gbọ́n Àlàájì lóbìnrin, ni wọ́n rán wá ṣe ìwádìí. Obìnrin tó dúró ṣánṣán, tí kì í jẹun nílé onílé. Ó yí gbogbo Àmùkòkò, àdúgbò wọn ní Ajégúnlẹ̀, po, kò rí nǹkan. Ọkàn Tàófíìkì ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí Ràlíátù, tó sì gbé e wá bá Tàófíìkì.

Ọkùnrin dúdú kan ló ń sáré nínú yìnyín. Àwọn ọlọ́pàá òyìnbó lé e bá, wọ́n dà á dojú bolẹ̀, wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn tó gbé e kiri ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń jalè ní Kánádà, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Àkànó ni, àbúrò Tàófíìkì, ọmọ ìyá rẹ̀.

"Eré ni, Àǹtí," ni Tàófíìkì wí. Ó ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀. "Òṣèré ni àbúrò mi. Inú fíìmù ni wọ́n ti mú un."

"Eré? Ọlọ́pàá ń fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ẹ ní eré?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Iṣẹ́ ẹ̀ ni kí wọ́n máa lù ú? Bàbá Tinú, ẹ dìde nílẹ̀. Mo máa jíṣẹ́ fún àbúrò mi bí mo ṣe rí i."

Iṣẹ́ Àkànó ni lóòótọ́. Láti kékeré ló ti ń sín èèyàn jẹ. Bí onílé bá ń tiro kọjá lágbàlá, Àkànó á máa tiro tẹ̀lé e, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó dàgbà, ó bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí Kánádà láti lọ ṣeré. Àwọn ẹgbẹ́ padà wá, Àkànó ò padà. Ó ń di ẹran sí páálí nílé iṣẹ́ àwọn alápatà ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ṣe awakọ̀ nínú eré kan, gbólóhùn kan péré ló sọ, kámẹ́rà sì ti kọjá lórí ẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sílé. Gbogbo àgbàlá wò ó títí tí bátìrì fóònù fi kú. Láti ibẹ̀, ó ṣe òkú nílé ìwòsàn. Ó ṣe olè. Ó ṣe wèrè nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó yá, wọ́n fi ṣe ẹlẹ́wọ̀n nínú eré kan tó ń jáde lórí tẹlifíṣàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó pẹ́ nínú ẹ̀, òyìnbó ń dá a mọ̀ lójú títì. Ó gba ìwé, ó di ọmọ Kánádà. Tàófíìkì tí kì í lè gbéra ga, ọ̀rọ̀ àbúrò yìí nìkan ló máa ń fi yangàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún Àlàájì Súnmọ́nù pé òṣèré ńlá ni àbúrò òun, pé á wálé wá ṣe ìgbéyàwó Tinú.

Edwin, ará ilé wọn, ló ní ọ̀nà àbáyọ wà. Edwin ló ni ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

"Baba Tinú, why you dey shake? Pè wọ́n wá síbí. Gbogbo fíìmù tí bọ̀dá ti ṣe, mo máa tò ó kalẹ̀ fún wọn. Man wey die for one film come dey run for another one, ṣé òkú ń sáré ni? Dem go see am with their own korokoro eye."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Tàófíìkì rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí ibi tó ti wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Àlàájì wá, òun àti Àǹtí Ràlíátù. Edwin ti nu àga ike méjì fún wọn. Ó tan tẹlifíṣàn.

Àkànó kú nílé ìwòsàn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. "Ẹ rí i," ni Tàófíìkì wí, "kò kú." Àkànó gba báàgì lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sá. "Eré ni." Àkànó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, itọ́ ń ṣe yọ́yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí Ràlíátù fi gèlè bo ẹnu. Àkànó wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti kú, ó ń sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Lẹ́yìn náà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ gún un pa. Wọ́n gbé e sínú pósí, wọ́n dé e pa.

"Ó tó," ni Àǹtí Ràlíátù wí. "Ẹ pa á. Ààyè èèyàn wọnú pósí, ẹ ní kò sí nǹkan? Ta ló gbàdúrà sí i lórí nígbà tó jáde? Ta ló ṣe sàráà? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ṣé ẹ ṣe é?"

Tàófíìkì ò ronú kàn án rí.

Àlàájì kò pariwo. "Àǹtí, mo mọ̀ pé eré ni. Èmi náà ń wo fíìmù." Ó yíjú sí Tàófíìkì. "Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé, kí ló dé tó jẹ́ olè ṣáá? Òkú, wèrè, ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ ò fi bàbá ìyàwó hàn mí, ẹ ò fi dókítà hàn mí. Ṣé kò sí ohun tí àwọn òyìnbó rí lára ẹ̀ ni?"

"Ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń ṣe, Àlàájì."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ pè é. Kí n rí ojú ẹ̀ fúnra mi."

Edwin pè é pẹ̀lú fídíò. Ó dún títí. Àkànó gbé e. Orí rẹ̀ ti funfun, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Bí wọ́n ṣe sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún un, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, àjà ilé nìkan ni wọ́n ń wò. Inú Àlàájì rọ̀ sí ìyẹn, Tàófíìkì rí i.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Àlàájì. Ẹ kú ìnáwó ọmọ wa tó ń bọ̀."

"A dúpẹ́. Àkànó, mi ò ní lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn. Ṣé wọ́n ti mú ẹ rí lọ́hùn-ún?"

"Rárá, sà. Ẹ̀wọ̀n tí mo mọ̀ ò ju èyí tí wọ́n fi pákó kàn lọ."

Àlàájì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Fíìmù wo lo wá ń ṣe báyìí?"

Àkànó wo ibòmíràn, ó tún wò wọ́n. "Kò sí, sà. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ẹlẹ́wọ̀n yẹn nínú eré, wọn ò pè mí mọ́. Mo lọ, mo lọ, wọ́n ní ojú mi ti sú àwọn èèyàn. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ báyìí, nílé tí wọ́n ń kó wọn sí. Mò ń parọ́ fún bọ̀dá mi pé mo wà lẹ́nu fíìmù. Ẹ foríjì mí. Mi ò lówó ọkọ̀ òfúrufú. Mi ò lè wá síbi ìgbéyàwó Tinú." Ẹkún gbà á lẹ́nu. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Àlàájì tẹ̀ síwájú lórí àga, bí ẹni tó fẹ́ ṣìpẹ̀ fún un.

"Ẹkún ẹlẹ́wọ̀n nìyí," ni Àǹtí Ràlíátù wí. "Èyí tá a wò tán yìí gan-an. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀! Bó ṣe nu imú lọ́hùn-ún náà nìyí."

Àkànó gbọ́. Ẹkún náà dúró lójijì, bíi pé wọ́n pa iná. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan mọ́.

Tàófíìkì rántí bàbá wọn tó ń fa bẹ́líìtì yọ, tí omijé á ti dà lójú Àkànó kó tó dé ibẹ̀, tí ìyá wọn á bẹ̀bẹ̀, tí òun á wá bá a lẹ́yìn ilé tó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dá a dúró.

"Àkànó, ṣé òótọ́ lo ń sọ?"

Edwin fọwọ́ gbá orí. "Baba Tinú!"

Àkànó wò ó láti inú fóònù. "Ẹ̀yin náà, bọ̀dá mi?"

Àlàájì ti fẹ̀yìn ti àga padà. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, ó dé e. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó bá a pín ọmú ìyá kan náà ò mọ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi tí mo pàdé ẹ̀ lónìí, kí ni n óò mọ̀? Bàbá Tinú, ẹ má bínú. Mi ò lè fi ọmọ mi wọ ilé tí ará ilé ò ti mọ òótọ́ ara wọn."

"Àlàájì, ẹ̀rù ló bà mí, mi ò ní in lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà yín. Ẹ̀rù náà ló ń bà mí."

Wọ́n lọ. Tàófíìkì sìn wọ́n dé ẹnu ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún Àǹtí Ràlíátù, ó ń sọ pé ó dàbọ̀, ó dàbọ̀. Nígbà tó padà wọlé, Edwin ti pa tẹlifíṣàn, fóònù ti dúdú.

Lúkmọ́nù wá lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, ó dúró níta pẹ̀lú Tinú, ó sunkún, ó ní òun ò lè kọ bàbá òun lẹ́nu. Kò wá mọ́. Tapólì Àlàájì tí Tàófíìkì ń bá a rán náà kò wá mọ́. Suwaibat kò bá ọkọ rẹ̀ jà, ì bá sàn kó jà.

Tinú ṣì ń gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀. Á kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, á gbé àwo kalẹ̀, á bu omi. Kì í wo ojú rẹ̀. Tàófíìkì ló ń wo tirẹ̀, tó ń wá ohun kan níbẹ̀, ìbínú tàbí ìdáríjì, èyíkéyìí.

"Bàbá Kánádà tún pè," ló wí lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mo ní ẹ ò sí nílé."

Tàófíìkì ti bu òkèlè. Ó dá a padà sínú àwo.

"O ṣeun," ló wí.