Àparò Tí Kò Ríbi Yé Ẹyin

Délé, gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Gbogbo ìlú wa ló gun òkè. A ṣán igbó ibẹ̀, a gbá a mọ́ tónítóní, kí àwọn àparò tó ń tán lọ lè padà wá. Abo kan ṣoṣo ló dé. Mo na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí i, mo bi í bó ṣe rí ilé tuntun náà.

"Ilé wo? Abẹ́ koríko gígùn là ń yé ẹyin sí. Ẹ ti gbá a dànù, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín sí mi. Òní ni mo sì máa yé."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fojú burúkú wò mí.

"Irun orí rẹ nìkan ló ṣì rí wúruwùru lórí òkè yìí. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó fi èékánná gun orí mi, ó jókòó. Mo jí, mi ò mọ ìtumọ̀ àlá náà. Ọrùn ń dùn mí, mi ò sì tíì lè lọ gẹrun.